Ẹ̀ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Bátìrì

Àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí omi kánàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí òkùnkùn òjijì ń jẹ́. Iná, fíríìjì, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ara bátìrì ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Mítà tó ń ka fólítì nìkan kì í sì í sòótọ́ délẹ̀: bí bátìrì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, fólítì á wálẹ̀, bó bá sinmi díẹ̀, á tún gòkè.

Ìdí nìyí tí mo fi ń júbà ẹni tó mọ ṣọ́ǹtì í so, ohun tó ń jẹ́ kí mítà ka iná tó ń wọ bátìrì àti èyí tó ń jáde. Irin pẹlẹbẹ láàárín idẹ méjì ni, kò jọ nǹkan kan lójú. Lára èyí tó jẹ́ 500 áńpìà sí 50 mílífólítì, bí 50 áńpìà bá ń kọjá, mílífólítì 5 péré ni mítà ń rí. Bíńtín yẹn ló fi ń ṣe ìṣirò!

Wáyà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ kan orí nẹ́gátíìfù bátìrì, èyí tó lọ sí ṣọ́ǹtì. Ti ẹ́ńjìnì, ti sólà, ti ṣájà, apá kejì ṣọ́ǹtì ni kí wọ́n gbà. Bí ọ̀kan bá yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé, mítà á máa purọ́ láìmọ̀. Ọ̀gá á lọ́ wáyà tín-ín-rín méjèèjì tó ń gbé ìròyìn pọ̀ mọ́ra, á fi fíúsì kékeré sẹ́bàá pọ́sítíìfù, á tún nọ́ọ̀tù dè lẹ́ẹ̀kejì (èmi ì bá ti lọ jẹun). Lẹ́yìn náà, á tan fíríìjì, á máa wo ojú mítà: −4 áńpìà.