Orúkọ Kan fún Ẹ̀yà Mẹ́rin: Lámèyítọ́ Lórí Ìlò Ọ̀rọ̀ ‘Iṣan’ Nínú Ìkọ́ni Nípa Ẹ̀yà Ara Ènìyàn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò lámèyítọ́ sí ìlò ọ̀rọ̀ iṣan nínú ìkọ́ni nípa ẹ̀yà ara ènìyàn àti iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó fi hàn pé ẹ̀yà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ kan ṣoṣo yìí ń dúró fún, àti pé àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ń da òye akẹ́kọ̀ọ́ rú nípa ìṣàn ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀. Èrò iṣẹ́ náà ni pé èdè Yorùbá tó ohun tí a lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ọwọ́ tí olùkọ́ fi ń mú ọ̀rọ̀ ni ó ń fẹ́ àtúnṣe.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ ní orúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì mu gidigidi, nítorí pé orúkọ tí olùkọ́ bá pe ẹ̀yà ara kan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ ohun tí ẹ̀yà náà ń ṣe. Èdè Yorùbá kò tòṣì ní ọ̀nà yìí. Ọpọlọ ní orúkọ, ẹ̀dọ̀ ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, ìfun, òróòro, oríkèé àti mùdùnmúdùn inú eegun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò yá láti inú ìwé òyìnbó.

Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀ láti ọdún 1970, ti fi hàn pé ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì kì í rẹ̀yìn sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Síbẹ̀, àríyànjiyàn kò tán nílẹ̀. Ìlànà èdè ti ọdún 2022, tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ní ọdún 2025. Ní irú àkókò báyìí, yíyin èdè Yorùbá nìkan kò lè gbèjà rẹ̀. Ohun tí ó lè gbèjà rẹ̀ ni kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tún èyí tí ó bá wọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn ni iṣan.

Iṣan Lẹ́nu Àwọn Elédè

Alápatà tí ó ń gé ẹran ní ìsọ̀ rẹ̀ lè sọ pé iṣan pọ̀ nínú ẹran kan. Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni okùn funfun líle tí ọ̀bẹ kì í tètè gé, èyí tí ó so ẹran mọ́ eegun. Nọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ fa omi sí aláìsàn lára yóò sọ pé òun ń wá iṣan. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ni òun ń wá ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ru ẹrù wúwo ní àná yóò jí ní òwúrọ̀, yóò ní iṣan ń ro òun. Ẹran ara tí ó ń súnkì tí ó sì ń nà ni ó ń dùn ún. Ẹni tí ó fi igbọ̀nwọ́ gbá ògiri, tí ara rẹ̀ sì gbọ̀n rìrì títí dé ọmọ ìka bí ẹni tí iná mú, yóò ní iṣan ni òun fi gbá a. Ohun tí ó fara gbá níbẹ̀ ni fọ́nrán tí ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ.

Bíbélì Yorùbá náà lo iṣan nínú ìran egungun gbígbẹ tí ó wà nínú Ìsíkíẹ́lì orí 37. Iṣan ti alápatà ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì.

Kò sí àléébù kankan nínú ìlò wọ̀nyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wáyé ti túmọ̀ rẹ̀ fún olùgbọ́: ẹni tí ó wà ní ìsọ̀ alápatà kò ní rò pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni wọ́n ń sọ. Inú iyàrá ìkàwé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ ní ọjọ́ Ajé pé iṣan ń gbé ẹ̀jẹ̀, tí ó kọ́ ọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé iṣan ni ó ń ká apá, tí ó sì tún kọ́ ọ ní ọjọ́ Rú pé iṣan ń jíṣẹ́ ọpọlọ, kí ni ọmọ náà yóò rò? Yóò rò pé okùn kan náà ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó rò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti fi làákàyè so ohun tí olùkọ́ rẹ̀ sọ pọ̀ ni.

Àmì ohùn náà tún dá kún un. Iṣan ni ẹ̀yà ara. Ìṣàn ni kí nǹkan máa ṣàn. Olùkọ́ tí ó bá kọ méjèèjì sí ojú pátákó láìfi àmì sí i ti sọ ẹ̀yà di iṣẹ́ ẹ̀yà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń da ọ̀rọ̀ náà kọ kò ní mọ èyí tí ìdánwò ń bèèrè.

Kì í Ṣe Yorùbá Nìkan

Àwọn kan lè fi èyí ṣe ẹ̀rí pé èdè Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ìtàn ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn kò gbà fún wọn. Neuron, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí àwọn onísáyẹ́ǹsì gbogbo ayé ń lò lónìí fún sẹ́ẹ̀lì tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ, iṣan ti alápatà ni ó kọ́kọ́ túmọ̀ sí. Ẹbí rẹ̀ tún ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń pe okùn ọrun, èyí tí Yorùbá ń pè ní ọṣán. Nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù ni Herophilus, oníṣègùn tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, la òkú ènìyàn, tí ó sì ya fọ́nrán tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ sọ́tọ̀ kúrò lára okùn tí ń so ẹran mọ́ eegun.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ti ẹ̀jẹ̀. Praxagoras ará Kos ya oríṣi òpó méjì tí ó wà nínú ara sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, Galen fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nínú méjèèjì, síbẹ̀ òun náà rò pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ara sì ń lò ó tán bí ilẹ̀ ṣe ń fa omi mu. Ọdún 1628 ni William Harvey tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Jámánì, tí ó fi ìṣirò àti ìdánwò ṣe àlàyé pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ọkàn ń tì jáde tí ó sì ń padà wá. Ní ọdún 1661, Marcello Malpighi rí àwọn òpó tín-ín-rín tí ó so àlọ pọ̀ mọ́ àbọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ni pé kò sí èdè tí a bí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́nu. Bí ìmọ̀ bá ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, àwọn onímọ̀ a tún ọ̀rọ̀ wọn pín. Gíríìkì kò kọ èdè rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ru ẹrù méjì. Ó sọ ọ̀kan kalẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ ni.

Àléébù ‘Ẹ̀jẹ̀ Mímọ́’ àti ‘Ẹ̀jẹ̀ Ìdọ̀tí’

Láti fi ìyàtọ̀ sí iṣan méjì tí ń gbé ẹ̀jẹ̀, àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ mímọ́, èkejì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí. Àwòrán ìwé sì máa ń kun ọ̀kan ní pupa, èkejì ní àwọ̀ aró. Àlàyé yìí rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n ó kùnà ní ọ̀nà mẹ́ta.

Lọ́nà kìíní, kì í ṣe òótọ́ ní gbogbo ìgbà. Òpó tí ó gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dínkù ni ó gbé. Àwọn òpó tí ó gbé ẹ̀jẹ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró padà sí ọkàn, ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ ni wọ́n gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há ‘mímọ́’ àti ‘ìdọ̀tí’ sórí yóò ṣi òpó wọ̀nyí mú. Lọ́nà kejì, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í di àwọ̀ aró. Pupa ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ dínkù kàn ń dúdú díẹ̀ ni. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ awọ ara tí ó sì ń jáde ni ó mú kí òpó rẹ̀ dàbí aró lójú. Lọ́nà kẹta, ìdọ̀tí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ẹni tí ó bá gbà pé ìdajì ẹ̀jẹ̀ òun jẹ́ ìdọ̀tí yóò tètè ra àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ń ṣe iṣẹ́ fífọ̀ náà tọ̀sán tòru.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ ni ó yẹ kí a fi sọ òpó ní orúkọ. Èyí kò ní àyàfi kankan: òpó tí ó ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá ni àlọ; òpó tí ó ń darí sí ọkàn ni àbọ̀.

Ohun tí Àṣìpè Ń Fà: Rọpárọsẹ̀ àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá parí sínú ìdánwò, kì bá tí tó àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó kan gbogbo ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ àgbàlagbà bá rọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnu rẹ̀ sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ará ilé yóò ní iṣan rẹ̀ ti kú. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ náà ni yóò pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Bí iṣan bá jẹ́ ti ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọn yóò fi òróró àti àdí wọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹran ẹsẹ̀ náà wà láàyè, okùn tí ó so ó mọ́ eegun kò já, fọ́nrán tí ń jíṣẹ́ kò gé ní ẹsẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan ni ó dí tàbí tí ó bẹ́ nínú ọpọlọ, tí apá ọpọlọ tí ń rán iṣẹ́ sí ẹsẹ̀ fi wà láìní ọ́síjìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń kú bí ọ́síjìn bá wọ́n ọn. Fún irú èyí tí òpó dí, oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà, ṣùgbọ́n a sábà gbọ́dọ̀ lò ó láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ sí ìgbà tí àmì àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fi wákàtí wọ̀nyí wọ́ ẹsẹ̀ fi ìfẹ́ ṣe é, àmọ́ ọ̀rọ̀ ni ó ṣì í lọ́nà.

Orúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru náà ní tirẹ̀. Ohun tí ń ru a máa hó, a sì máa hàn, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń retí kí ara gbóná tàbí kí orí fọ́ kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ń ru. Ẹ̀jẹ̀ kì í hó nínú àìsàn yìí. Ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri òpó àlọ ni ó pọ̀ jù, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n 140 lórí 90 sókè ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pè ní àìsàn náà fún àgbàlagbà. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní àmì kankan. Ẹni tí ó ń lo oògùn ní kìkì ọjọ́ tí ó ‘gbọ́ ọ lára’ ń dúró de àmì tí kò ní dé, títí òpó yóò fi bẹ́. Orúkọ náà ti wọ̀ lẹ́nu ará ìlú, kò sì pọn dandan kí a lé e lọ. Dandan ni kí olùkọ́ sọ ohun tí ó ń ru gan-an.

Àbá fún Olùkọ́

Àbá kìíní ni kí a sọ ẹrù ẹ̀jẹ̀ kalẹ̀ kúrò lórí iṣan. Òpójẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nínú àwọn ìwé kan, tó fún un. Lẹ́yìn náà ni òpójẹ̀ àlọ, òpójẹ̀ àbọ̀ àti òpójẹ̀ tín-ín-rín yóò tẹ̀lé e. Kí iṣan ẹran dúró fún èyí tí ń súnkì tí ń nà. Okùn iṣan fún èyí tí ó so ó mọ́ eegun. Iṣan ajíṣẹ́ fún fọ́nrán tí ó so ọpọlọ pọ̀ mọ́ ara. ‘Iṣan ìmọ̀lára’ tí àwọn kan ń lò fún ìkẹyìn yìí kò burú, àmọ́ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sọ, nítorí pé ó ń gbé àṣẹ jáde láti ọpọlọ pẹ̀lú.

A lè sọ pé kí a kúkú yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò. Yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; sẹ́ẹ̀lì àti ọ́síjìn ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò kò tan ìmọ́lẹ̀ kankan fún ọmọ tí ó ń gbọ́ ọ ní ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí àlọ àti àbọ̀ ti gbé àlàyé wọn lọ́wọ́.

Àbá kejì ni kí ojú rí ohun tí etí gbọ́. Ẹsẹ̀ adìẹ tí a gé ní oríkèé ní okùn funfun tí ó yọ jáde. Bí ọmọ bá fà á, ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà yóò ká. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti fi èyí ṣeré nínú ilé ìdáná láìmọ̀ pé okùn iṣan ni. Bí a bá gé okùn náà, ìka kò ní ká mọ́: ọṣán já, ọrún dọ̀pá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí ó ka iye ìgbà tí òpójẹ̀ àlọ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Fún àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ó máa ń wà láàárín 60 sí 100. Nǹkan bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nínú ara àgbàlagbà, nǹkan bí lítà 5 náà sì ni ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe ìṣirò yìí yóò rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí bí ẹ̀jẹ̀ kò ṣe ní padà wá.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìṣòro ọ̀rọ̀ iṣan kì í ṣe ti àìtó èdè. Ohun kan náà ni ó bá Gíríìkì, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà yọ ṣí sílẹ̀ fún Yorùbá. Olùkọ́ tí ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lónìí ni yóò dúró níwájú ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ àgbà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ náà ni yóò gbé ọ̀rọ̀ délé. Bí olùkọ́ bá ti la ìyàtọ̀ òpójẹ̀ àti iṣan yé e, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé tí yóò sọ pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàbá sílẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.