Ohùn Inú, Ojú Òde

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí òṣèré ṣe ń fi ojú sọ ọ̀kan kó sì fi ohùn sọ òmíràn, ẹ wo Judi Dench nínú Notes on a Scandal, fíìmù tí Richard Eyre darí lọ́dún 2006. Barbara Covett ló ń jẹ́ níbẹ̀: olùkọ́ ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Lọ́ńdọ̀nù, àgbà obìnrin tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tó jẹ́ pé ológbò nìkan ló ń dúró dè é nílé. Ohun tójú rẹ̀ bá rí lójúmọ́, inú ìwé ló ń kọ ọ́ sí. Ohùn tó fi ń kà á sí wa létí mú bí abẹ, kò sí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò gé lára. Ṣùgbọ́n tó bá wà láàárín wọn, ojú rẹ̀ á tutù bí omi àmù.

Sheba Hart dé, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, Cate Blanchett ló ṣe é. Ó lọ́kọ, ó bímọ méjì, síbẹ̀ ó bá ọmọ ọdún 15 tó ń kọ́ níwèé lò pọ̀. Ìwà ìbàjẹ́ ni, àgbà ló sì jẹ̀bi rẹ̀. Fíìmù náà kò bò ó mọ́lẹ̀. Barbara ló ká wọn mọ́.

Ibi tí mo ti ń kan sáárá sí Dench rèé. A rò pé yóò sáré lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Kò lọ. Nígbà tí Sheba ń sunkún bẹ̀ ẹ́, ìbínú rọra kúrò lójú rẹ̀, nǹkan mìíràn sì wọlé síbẹ̀, bí ẹni tó rí owó he. Ẹni tó bá mọ àṣírí ẹni, a kò lè bá a jà mọ́, Barbara sì mọ èyí.

Lọ́jọ́ kan ó ń fi orí ìka pa Sheba lápá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ara Sheba kọ̀ ọ́. Dench kò ṣe ju kí ó gbé ọwọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe pa dé. Níbòmíràn ó jókòó nínú omi ìwẹ̀, ohùn rẹ̀ ń sọ bí ó ṣe rí lára ẹni tí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, tí ọwọ́ kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ tó ṣèèṣì kan tirẹ̀ fi ń mì í tìtì. Kò sí àtíkè, kò sí ẹwà tó fẹ́ fi fà wá mọ́ra. Mo ti mọ ibi tó ń gbèrò, síbẹ̀ àánú rẹ̀ ṣe mí.

Olùkọ́ mọ ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ọmọ tó ṣe dáadáa. Barbara ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tirẹ̀ lọ́jọ́ tí Sheba bá múnú rẹ̀ dùn.

Orin tí Philip Glass kọ fún fíìmù náà máa ń tì wá jù nígbà mìíràn. Ojú Dench ti sọ ọ́ tán kí fèrè tó dé. Òṣèré bíi tirẹ̀, Helen Mirren, ló gba Oscar mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ojú Barbara ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Níparí, àṣírí ti tú, ayé Sheba sì ti bàjẹ́ tán. Barbara gun òkè kan lọ, ó bá ọ̀dọ́bìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì, ó kí i. Ojú rẹ̀ tutù. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.