Ọbẹ̀ Oṣù Kan Nínú Fìrísà

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí ni àwọn tó ń wàásù ọbẹ̀ oṣù kan fi ń ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni kò tíì gbọ́ ìwàásù náà nínú wa? Ó wà ní ojú ewé àwọn obìnrin nínú ìwé ìròyìn, ó wà nínú ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ó sì wà lórí fóònù gbogbo ọmọge tó ń múra ìgbéyàwó. Ohun tó ń sọ kò ju èyí lọ: lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, se gbogbo ọbẹ̀ rẹ ní Sátidé kan ṣoṣo, bù ú sínú abọ́ oníke, kó o sínú fìrísà, kí o sì máa yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lálẹ́ tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n ní owó á dín kù, wàhálà á dín kù, oúnjẹ ilé lẹ ó sì máa jẹ dípò oúnjẹ títà.

Mo fẹ́ yẹ ìwàásù yìí wò bí ẹni ń yẹ ìwé tuntun wò, kí n yin ibi tó dára, kí n sì tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ìyàwó ilé tó ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ ní Ìkòròdú, tó ń la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá lọ sí Èkó, tí kì í wọlé títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la fẹ́ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ ata? Ebi ọmọdé kì í gbọ́ àwáwí.

Ohun tó yẹ ká yìn nìyí. Ata àti tòmátì kì í ní iye kan náà yípo ọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí tòmátì òkè Ọya bá ń ya wọ ọjà Mile 12, ó máa ń rọ̀ lọ́rùn. Bí òjò bá ti dé, ó di ọ̀wọ́n gógó. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná débi pé ní oṣù karùn-ún ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Ẹni tó ti ra ata nígbà tó pọ̀, tó sè é títí omi fi gbẹ lára rẹ̀, tó sì pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, kò ní bá wọn sunkún lọ́jà. Ọbẹ̀ ata, ẹ̀wà sísè àti mọ́ínmọ́ín náà gba yìnyín dáadáa. Títí débẹ̀ yẹn, òdodo ni ìwàásù náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí wọn kì í sọ. Oúnjẹ alẹ́ wa kì í ṣe ọbẹ̀ nìkan. Òkèlè ńkọ́? Àmàlà tó bá sùn nínú fìrísà kì í ṣe àmàlà mọ́. Iyán kò gbà bẹ́ẹ̀, iṣu sísè á sì máa yọ omi lẹ́nu. Ìyẹn ni pé ìdajì oúnjẹ wa kò bá yìnyín rẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ní iṣẹ́ ti parí láti Sátidé, ẹni tó máa gbé omi kaná, tó máa ro àmàlà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Wẹsidé, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì parí.

Ibi tí ìlànà yìí ti wá ló fà á. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Clarence Birdseye, ló lọ sí Labrador ní nǹkan bí ọdún 1912, ó sì rí bí àwọn Inuit ṣe ń pa ẹja tí òtútù máa ń mú un dì gbagidi lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ló gbé délé. Nígbà tó fi máa di 1930, wọ́n ti ń ta irú oúnjẹ dídì bẹ́ẹ̀ ní ìlú Springfield, ní Massachusetts. Ilẹ̀ tí òtútù ti jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ti rí ọgbọ́n yìí kọ́. Níbi tiwa, owó la fi ń ra òtútù, ẹni tó sì ń tà á fún wa kì í sábà sí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iye owó iná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná 20 wákàtí fún lójúmọ́, fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Ká ní fìrísà kékeré kan ń jẹ yúníìtì kan àtààbọ̀ lójúmọ́. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di yúníìtì 45. Ní iye ti oṣù kẹrin yẹn, ₦10,125 nìyẹn, a ò tíì ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Àwọn oníwàásù máa ń sọ iye tí ẹran fi dínwó nígbà tí a rà á lápapọ̀. N kò tíì rí èyí tó ka owó iná mọ́ owó ọbẹ̀ nínú wọn.

Ẹni tí kò sì sí ní Band A ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákú láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn tí a ṣì ń pè ní NẸ́PÀ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kúrò nínú ìwé láti 2005, kì í bi wá léèrè ohun tó wà nínú fìrísà kí wọ́n tó mú iná lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wàyí. Yìnyín kì í pa àwọn kòkòrò àìfojúrí, ṣe ló máa ń mú wọn sùn. Bí ọbẹ̀ bá yọ́, wọn á jí. Fìrísà tó kún bámúbámú, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè di òtútù rẹ̀ mú fún nǹkan bí 48 wákàtí. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24 ni. Tí àwọn ọmọ bá wá ń ṣí i nígbà gbogbo nítorí pé ike áísìkirímù lọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń rò pé orí ire ti bá wọn, ẹ yọ tiwọn kúrò nínú ìṣirò yẹn.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ pé, “Ṣebí mo máa tún un sè?” Ó tì o. Lóòótọ́, àwọn ìyá wa máa ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́, torí pé wọ́n ń pa kòkòrò kó tó rí àyè bímọ. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó ti yọ́ tó sì ti jókòó fún odindi ọjọ́ kan ti lè ní májèlé nínú. Kòkòrò bíi Staphylococcus máa ń da irú májèlé tí iná kì í pa. Kòkòrò á kú, májèlé á kù. Ọmọdé àti arúgbó ló sì máa ń kọ́kọ́ dá lágara.

Ohun kan ṣì kù tó ń dùn mí nínú ìwàásù yìí. Ta ni wọ́n ń wàásù fún? Ìyá ilé ni, kò sẹ́lòmíràn. Wọ́n ní iṣẹ́ á dín kù. Mo ní iṣẹ́ ò dín kù, ṣe ló kóra jọ sí Sátidé, ọjọ́ kan ṣoṣo tí obìnrin náà ì bá fi na ẹ̀yìn. Bàbá ilé tó lè rí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n nínú òkùnkùn, kò sí ohun tó ní kó má lè bó àlùbọ́sà. Ìmọ̀ràn tó bá fẹ́ gba ìdílé là, tí kò sì dárúkọ bàbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tíì pé.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Kí a má da ìwàásù náà nù, kí a gé e kúrú ni. Ẹ se ti ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ti oṣù sílẹ̀ fún ẹni tí iná rẹ̀ dájú. Ẹ má fi odindi ìkòkò sílẹ̀ kó máa tutù títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ bù ú sí abọ́ kéékèèké, kó má ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀, kó má ju ẹyọ kan lọ tí ooru bá mú gan-an. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sè é sára ike. Ẹ fi omi sínú ife, ẹ jẹ́ kó dì, kí ẹ gbé owó kọ́bọ̀ lé e lórí nínú fìrísà: bí ẹ bá dé tí ẹ bá kọ́bọ̀ nísàlẹ̀ ife, iná ti lọ, ọbẹ̀ ti yọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Kí ẹ sì rántí pé èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, ẹ̀gúsí àti irú kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni fún iná. Àwọn ìyá wa ti ń da omi síwájú kí fìrísà tó dé. Ẹni tó bá tún fẹ́ wàásù fún wọn, kó kọ́kọ́ béèrè wákàtí mélòó ni iná fi ń wà ládùúgbò.