Sorry: Ṣé Ẹni Tó Jẹ̀bi Nìkan Ló Ni Ín?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ti gbọ́ ọ rí: ẹnìkan fẹsẹ̀ kọ òkúta, ará Nàìjíríà tó wà nítòsí ní "sorry", olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì dá a lóhùn pé, "Ṣé ìwọ lo tì í ni?" Wọ́n ní àṣìlò ni. Mi ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti ṣẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, sārig ni, láti ara sār, tó túmọ̀ sí ìrora tàbí ọgbẹ́. Sorrow tó jọ ọ́ kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Ìró àti ìtumọ̀ ló sún wọn mọ́ra. Ẹni tó bá jẹ́ sārig, ọkàn rẹ̀ ló ń dùn ún. Kò dandan kó jẹ̀bi. Ìtọrọ àforíjì, ẹ̀yìn ló dé.

Àmọ́ orísun kọ́ ni adájọ́ ọ̀rọ̀, ìlò ni. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ń sọ "I'm sorry" fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló pa olóògbé. Àwa kàn nà án dé orí ìkọsẹ̀ ni, torí pé "pẹ̀lẹ́" ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀.

Ibòmíì ni ewu wà. Yorùbá ní "pẹ̀lẹ́" fún ìbákẹ́dùn, "ẹ má bínú" fún ẹ̀ṣẹ̀, "ẹ kú ewu" fún ẹni tí orí kó yọ. Bí "sorry" bá gba ipò gbogbo wọn lẹ́nu àwọn ọmọ wa, ibẹ̀ gan-an ni kí olùkọ́ gbé bírò pupa rẹ̀ lọ.