Ilé Tí Òkun Ń Jẹ: Ta Ló Ń Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé ibo ló yẹ ká dáàbò bò ní ìpínlẹ̀ yìí, ìdáhùn ti wà lẹ́nu wa: Òkè Ìdànrè, ààfin Déjì àtijọ́ ní Àkúrẹ́, ààfin Ọlọ́wọ̀. Ìdáhùn náà dáa. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Òkúta ni àkọ́kọ́, amọ̀ ni méjì tó kù, orí ilẹ̀ gbígbẹ sì ni gbogbo wọn wà. Bí èèyàn bá ti dé Igbókòdá, tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tó kọrí sí etíkun Ìlàjẹ, ìdáhùn yẹn ti tán nìyẹn. Ṣé kò sí ohun àtijọ́ níbẹ̀ ni? Ó wà. Ìtumọ̀ tí a fún ọ̀rọ̀ náà, "ibi ìrántí", ni kò jẹ́ ká rí i.

Láti ọdún 1953 ni ìjọba ti ṣe òfin lórí ohun àtijọ́ ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 1979 ló sì dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí sílẹ̀. Àjọ yìí ló máa ń kéde pé ibi báyìí ti di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ààfin Déjì àtijọ́ wà nínú àwọn tí wọ́n ti kéde. Òkè Ìdànrè tiẹ̀ ti wà lórí ìwé ìdúródè àjọ UNESCO láti ọdún 2007. Ó tọ́ sí i. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yẹn títí di nǹkan bí ọdún 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ààfin Ọwá àti kóòtù àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀ fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá gbà á.

Ẹ wá wo ohun tó mú kí Ìdànrè rọrùn láti dá mọ̀. Àwọn èèyàn kúrò, ilé dúró. Irú ibi ìrántí tí ọkàn wa mọ̀ nìyẹn: ògiri tó ju ẹni tó kọ́ ọ lọ.

Ní etíkun Ìlàjẹ, òdìkejì rẹ̀ ni. Orí òpó ni ilé máa ń wà, pákó ni ara rẹ̀, afárá pákó ló so ilé kan mọ́ èkejì. Omi iyọ̀ kì í bá igi ṣeré. Òpó yóò jẹrà, wọn yóò yọ ọ́, wọn yóò ri òmíràn mọ́lẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè kan ilẹ̀ pákó, lọ́dún kejì, ó lè kan òrùlé. Lẹ́yìn ogún ọdún, ó lè ṣòro láti rí igi kan ṣoṣo tó wà nínú ilé náà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, síbẹ̀ ilé bàbá wọn ni wọ́n ń pè é, ilé bàbá wọn náà sì ni. Bí aláṣẹ bá wá béèrè pé, "Igi yìí tó ọdún mélòó?", ẹ̀ẹ̀rín ni ìdáhùn.

Ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ èdè kò yẹ kó rí èyí bí ohun àjèjì. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó ń sọ Yorùbá ní ọdún 1800 tó ṣì wà láyé. Gbogbo òpó náà ni a ti pààrọ̀. Ṣé èdè náà kú ni? Ohun tó ń pẹ́ nínú èdè ni ìlànà àti àwọn tó ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ilé orí omi. Àwọn ará Japan mọ èyí dáadáa: ní Ise, ogún ọdún ogún ọdún ni wọ́n ń tún ojúbọ wọn kọ́ láti ìpìlẹ̀, wọ́n ṣe é kẹ́yìn ní ọdún 2013, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ilé tuntun. Nítòsí wa níbí, ìlú Ganvié tó wà lórí omi adágún Nokoué ní Benin ti wà lórí ìwé ìdúródè UNESCO láti ọdún 1996. Igi tí omi ń jẹ náà ni ti Ganvié. Èéṣe tí tiwa kò fi ká?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun èèyàn jù ni Ayétòrò. Ní oṣù kìíní ọdún 1947, àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tó ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde, tí wọ́n ń fojú winá inúnibíni nítorí ìgbàgbọ́ wọn, lọ tẹ ìlú tiwọn dó sí etí Òkun Àtìláńtíìkì. Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Àpò kan ṣoṣo ni wọ́n ń da owó sí. Ẹja ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe bàtà, tí wọ́n ń yan búrẹ́dì, tí wọ́n ń hun aṣọ, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi. Láàárín àwọn ọdún 1950, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá orí ilẹ̀ ṣì ń tan àtùpà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka ìlú náà bí a ti ń ka ìwé. Òpópónà rẹ̀, pákó ni, ó gbòòrò, ó sì tọ́, ó gba ààrin ìlú kọjá. Ti gbogbo ìlú ni pákó náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé iwájú ilé òun ni. Fún sáà kan, apá kan ìlú jẹ́ ti ọkùnrin, apá kejì ti obìnrin. Ilé ìjọsìn àti ilé iṣẹ́ ni ìlú yí ká. Èèyàn kò nílò kí wọ́n ka òfin Ayétòrò fún un, bó bá ti rìn ín já, ó ti gbọ́ ọ. Èmi kò mọ ààfin kan nílẹ̀ Yorùbá tó sọ èrò àwọn tó kọ́ ọ síta kedere tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àpò kan ṣoṣo náà tú ní ìparí àwọn ọdún 1960, tí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí ṣòwò tirẹ̀, ara ìlú náà lèèyàn ti lè kà á: ilé tí a kọ́ fún ìjọ di ilé ìdílé.

Òkun ń jẹ ìlú yìí lọ́wọ́lọ́wọ́. Òpópónà ti lọ, ilé ti lọ, ilé ìwé àti ilé iṣẹ́ ti wọ omi, ilé ìjọsìn pàápàá ti ní láti sún sẹ́yìn fún omi. Ní ọdún 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde fún Ayétòrò. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn náà tí òkun kò rí ìdènà kankan.

Kí la ní lọ́wọ́ tí a ó fi máa rántí? Ìwé tó kún jù lórí ìlú náà ni èyí tí Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá láti Canada, gbé jáde ní ọdún 1977. Ìwé tó dáa ni. Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn onímọ̀ ìgbà náà, ó fi orúkọ ìlú bò, "Olowo" ló pè é. Ẹ wò ó ná: ìwé tó gba ìtàn ìlú náà là kò sọ orúkọ ìlú náà. Ọmọ Ayétòrò tó bá ń wá ilé bàbá rẹ̀ lè kọjá lára rẹ̀ kó má mọ̀.

Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ayé fẹ́ràn ilé orí omi bó bá jẹ́ pé ayàwòrán ilé tó lórúkọ ló yà á. Ní Mákòkó l'Ékòó, níbi tí Ègùn àti Ìlàjẹ jọ ń gbé, Kunlé Adéyẹmí kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó léfòó lórí àgbá ike ní ọdún 2013. Gbogbo ayé ya fọ́tò rẹ̀, irú rẹ̀ kejì gba ẹ̀bùn ní Venice ní ọdún 2016, inú ọdún yẹn náà ni ti Mákòkó wó. Mi ò bá ọ̀gbẹ́ni náà jà, ọpọlọ rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń kọ́lé sórí omi kí wọ́n tó bí i, tí ilé wọn kò wó, kí ni orúkọ wọn? Ọdún kan kí ilé ẹ̀kọ́ yẹn tó dé, ní 2012, ìjọba ni ó ń wó ilé wọn.

Ẹnìkan á ní, "Prof, ògiri tí yóò dá òkun dúró làwọn èèyàn yìí ń fẹ́, wọn ò fẹ́ àkọlé." Òótọ́ ni. Àkọlé nìkan kò gba Ilojo Bar là ní Tinúbú l'Ékòó: wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 1956, wọ́n sì wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Bí ìjọba bá fẹ́ fi fọ́tò yíyà àti ìwé kíkọ dípò ògiri, ká má gbà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí òkun bá ń lu ààfin kan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, ṣé ogún ọdún la ó fi máa wò ó níran? Ìlú tí kò sí lórí ìwé kò ní ohun tí yóò tọ́ka sí nígbà tó bá ń ké. Ẹni tí a kò mọ̀ pé ó wà, a kì í wá a bó bá sọnù.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kó má dúró de Àbújá. Kí ohun tí a ó máa béèrè níbẹ̀ kọjá "igi yìí tó ọdún mélòó", kó kan "ta ló mọ̀ ọ́n kọ́, ta ló kọ́ ọ, ta ló ń kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀". Kí a ya àwòrán Ayétòrò bó ṣe wà nígbà tí àwọn tó rìn lórí pákó àkọ́kọ́ ṣì lè nawọ́ sí ibi tó ti wọ omi. Kí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà: orúkọ òpó ìgun, orúkọ ìdè, orúkọ igi tí omi iyọ̀ kì í tètè jẹ. Ní ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ, ìró "u" ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí ẹ ti ń gbọ́ ọ nínú Ùgbò, ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà mọ́. Ìró yẹn náà, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, inú orúkọ àwọn ilé àti ìlú etíkun ló ń gbé. Bí ìlú bá wọ omi tí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, méjèèjì ló bá omi lọ.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, tí mo kọ́ bí a ṣe ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, fóònù ọwọ́ yín lónìí dáa ju gbogbo ẹ̀rọ tí a gbé kiri nígbà náà lọ. Igbókòdá kò jìnnà. Ẹ lọ.