"Ẹnikẹ́ni": Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Àdúrà Ọ̀tá Ilé

Bí aago méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì bá ti lù ní ọ̀pọ̀ ìjọ Aládùúrà àti ìjọ ìdáǹdè nílẹ̀ Yorùbá, àsìkò àdúrà ọ̀tá ilé dé nìyẹn. Aṣáájú àdúrà á gba gbohùngbohùn, á ní kí gbogbo ìjọ dìde. Á pe ẹni tó jókòó lé ògo ọmọlọ́mọ ní ilé bàbá, ìjọ á fẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n á dáhùn. Á pe ti ilé ìyá, ariwo á tún ta. Obìnrin kan á tú gèlè, á fi gbàjá, òógùn á bò ó. Ilẹ̀ á mọ́, fóònù rẹ̀ á dún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Á máa wò ó títí yóò fi dákẹ́.

Irú ìran yìí kò ṣàjèjì. Ohun tó so ariwo òru yẹn mọ́ ìpè tí wọn kò gbé yẹn ló yẹ kí lámèyítọ́ tọ pinpin, nítorí iṣẹ́ ọnà ohùn ni àdúrà ọ̀tá ilé, a sì lè yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ewì wò.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ rí yóò dá ìlù rẹ̀ mọ̀: àṣẹ tó ń tẹ̀lé àṣẹ, àwítúnwí, ìpè àti ìdáhùn. Ó jogún òwe pẹ̀lú. Kí ìwé àdúrà kankan tó jáde ni Yorùbá ti ń sọ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé, pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ní 1918 tí àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn, ẹgbẹ́ aládùúrà kan kóra jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti fi àdúrà wá ìwòsàn. Ní oṣù Keje 1930, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, àwọn ènìyàn sì ń kó oògùn ìṣọ́ra wọn wá kí wọ́n dáná sun ún. Oògùn jóná, ẹ̀rù tó mú wọn ṣe é kò jóná. Àdúrà ló wá jókòó sí àyè oògùn. Nígbà tó fi máa di 1989, tí Olukoya, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gba oyè dókítà ní Yunifásítì Reading, dá ìjọ Mountain of Fire sílẹ̀ ní Èkó, àdúrà ìjà ti fẹ́ di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé, kókó kan tẹ̀lé òmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú yẹpẹrẹ wo ohun tó ń gbé ènìyàn débẹ̀. Ẹbí ń pani lára lóòótọ́. Bàbá á kú, àwọn àbúrò rẹ̀ á ti kó ìwé ilẹ̀ lọ kí opó tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ìyàwó tí kò tíì rí ọmọ bí á máa gbọ́ èébú nídìí ààrò, kò sì ní lè fèsì, torí ìyàwó ilé kì í dá àgbà lóhùn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìṣọ́ òru ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ẹkún ìyàwó ń ṣe láyé àtijọ́: ó ń fún ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ilé láyè láti lọgun.

Àmọ́ ibi kan wà tí iṣẹ́ ọnà yìí ti kùnà, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà: "ẹnikẹ́ni". Ẹni tó ń pọfọ̀ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ohun tó ń bá wí, kó mọ orírun rẹ̀ pàápàá, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lè mú un. Àdúrà ọ̀tá ilé kì í dárúkọ. "Ẹnikẹ́ni tó bá..." ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àlàfo ni wọ́n fi sílẹ̀ yẹn, ọkàn ẹni tó ń gbàdúrà ni yóò sì dí i. Ta ni yóò fi dí i? Àbúrò bàbá tó kó ìwé ilẹ̀ kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́. Ìyá àgbà tó ń dá gbé ni, tàbí orogún ìyá, tàbí ìyá ọkọ tí wọ́n rí lójú àlá tó ń gbé oúnjẹ fúnni. Ẹni tí kò lágbára láti gbèjà ara rẹ̀ ni àlàfo náà máa ń bá mu.

Mátíù orí 10 ni wọ́n fi ń ti àdúrà náà lẹ́yìn, níbi tí Jésù ti sọ pé ará ilé ẹni ni yóò di ọ̀tá ẹni. Ọ̀rọ̀ wòlíì Míkà ni Jésù mú lò, àwọn méjìlá tó ń rán jáde ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Ìkìlọ̀ ni: ìgbàgbọ́ yín lè mú kí ilé yín kọ̀ yín. Kò ní kí wọ́n wá àjẹ́ nínú ilé, kò sì ní kí wọ́n pe ikú lé ìyá lórí.

Orin Dáfídì 35 tún wà níbẹ̀, ààyò ìṣọ́ òru. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le bí irin: onísáàmù ní kí Ọlọ́run gbé asà àti ọ̀kọ̀ bá àwọn tó ń lé e jà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń dá ìwé dúró. Tí wọ́n bá ka dé ẹsẹ 13 àti 14, wọ́n á rí i pé nígbà tí àwọn ọ̀tá kan náà ń ṣàìsàn, ọkùnrin yìí wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó gbààwẹ̀, ó tẹrí ba bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀. Ohun tó mú kí igbe rẹ̀ wọni lára gan-an nìyẹn: àwọn tó fẹ́ràn ló ń ké lé lórí. Ẹni tó bá gé ẹsẹ méjì yẹn kúrò ti gé ọkàn sáàmù náà dànù, egungun rẹ̀ nìkan ló mú lọ sí ìṣọ́ òru.

Ilé Jésù fúnra rẹ̀ kò tòrò. Máàkù sọ ọ́ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde lọ mú un nítorí wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti yí, Jòhánù náà sì kọ ọ́ pé àwọn arákùnrin rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Jésù kò tìtorí wọn pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, kò sì gégùn-ún lé wọn. Nígbà tí ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ṣí, inú yàrá òkè ní Jerúsálẹ́mù ni a ti bá ìyá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù sí ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú àdúrà. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, tí ẹ bá ṣí Orin Dáfídì 35, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ẹsẹ 14 kí ẹ tó ní kí ìjọ dìde.