Ìwé Tí A Fi Owó Ara Wa Tẹ̀: Ta Ló Kà Á?

Ẹni tó bá ń wọlé àwọn àgbà ní Kábà, ní Ìjùmú tàbí ní Yàgbà kò ní í pẹ́ rí ìwé pẹlẹbẹ kan lórí tábìlì: ìtàn ìlú, ìtàn oyè, tàbí gírámà èdè àdúgbò. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló san owó ìtẹ̀wé. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kò bá wọn gbà. Ẹ̀bi tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ni a ti tà tán kí ẹnikẹ́ni tó kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè wọ́n. Ẹni tó ní kí a máa dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ó rántí àlùfáà Samuel Johnson. Ní 1897 ló parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù. Nígbà tí èyí náà wọ ọkọ̀ òkun Appam ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú ogun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde.

Ọdún 1897 yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun Núpé sá kúrò ní Kábà nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ń bọ̀. Àwọn tó fojú rí i ti kú tán. Lóòótọ́, ní 1976, Adé Ọbáyẹmí, ọmọ ilẹ̀ Okun, fi àwọn ìlú kéékèèké bíi tiwa ṣàlàyé bí ilẹ̀ Yorùbá ti rí kí àwọn ìjọba ńlá tó dìde. Ṣùgbọ́n orí kan nínú ìwé ńlá kò lè gba ìtàn gbogbo àdúgbò. Bí a kò bá tẹ ìyókù fúnra wa, ta ni yóò bá wa tẹ̀ ẹ́?

Ọjà méjì ló ń ba ìwé wọ̀nyí jẹ́. Èkíní ni ayẹyẹ ìkójáde ìwé. Alága ọjọ́ náà á fi owó tó lè ra ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ra ẹyọ kan, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ka owó. Kò sẹ́ni tó ń ka ìwé. Èkejì ni kíláàsì. Mo ti jókòó níbi tí olùkọ́ ti ń kọ orúkọ àwọn tó ra ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Orí kẹta ìwé náà ń tako orí kìíní, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe kó má rà kò tíì yege ìdánwò kankan.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré. Ìtàn tí ọmọ ìdílé kan kọ láìbi ìdílé kejì lè di ohun tí lọ́yà ń gbé lọ sí kóòtù lórí oyè tàbí ilẹ̀. Bí àmì ohùn bá ṣì nínú gírámà Òwé, àṣìṣe yẹn ni ọmọ tó ń kọ́ ọ yóò mọ̀ sí òfin.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí òǹkọ̀wé tó lọ bá atẹ̀wé, kí ó fún ẹni méjì ní iṣẹ́ náà kà: ọ̀kan láti ìdílé tàbí ìlú mìíràn, èkejì láti inú àwọn tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà níbòmíràn. Kí ó kọ ẹni tó sọ ìtàn kọ̀ọ̀kan fún un, àdúgbò onítọ̀hún àti ọdún tó sọ ọ́. Kí ó kọ́kọ́ tẹ ẹ̀dà 50, kí ó gba àtúnṣe, kí ó tó tẹ púpọ̀. Òfin 1970 ní kí atẹ̀wéjáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-Èdè láàárín oṣù kan. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ni a ti ń gba nọ́ńbà ISBN. Ṣùgbọ́n kí a má fi nọ́ńbà yẹn tan ara wa: ohun tó ń sọ ni pé ìwé wà, kò sọ pé ìwé dára.

Àwa òǹkàwé náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí wọ́n bá tún pè wá síbi ìkójáde ìwé, kí a béèrè ẹni tó ti kà á kí a tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.